Ìlà Kẹrin Láàárín Ọmọ Ọsàn

Ìlà mẹ́fà ni ọmọ igi ọsàn náà, ogójì nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù nínú ọ̀rá dúdú tirẹ̀. Ìlà márùn-ún ti kú pátápátá, ewé wọn pọ́n bí páànù tó dógùn-ún. Ìlà kẹrin nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé ikú dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì fò ó kọjá.

Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Arínúróde lóṣòó ti ìlà náà, kò sì tètè dìde. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ló fi dá àpárà lọ́dún tó wá òrùka kan tó sọnù títí tó fi rí i nínú ikùn ewúrẹ́, àpárà náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí oje igi.

Màmá Olóko dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kò ga bó ṣe ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọdún tí òun àti ọkọ òun fẹ́ra ni ọkọ òun gbin igi ọsàn àkọ́kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kànga, kí oko tó di oko rárá. Ìjì wó igi náà lójò èṣí. Kó tó gbẹ tán ni wọ́n gé ọmọ ẹ̀ka lára rẹ̀, wọ́n sì so wọ́n mọ́ ara ọmọ igi mìíràn kí wọ́n lè máa dàgbà. Ohun gbogbo tó ṣẹ́ kù lára igi ọkọ òun nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òun jáde wá, òun sì bá wọn báyìí.

"Wọ́n ní Jẹ́jẹ́ ni," Màmá wí. "Lójú mi níbí ló ṣe dàgbà. Mi ò mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́."

Jẹ́jẹ́ ni awakọ̀ oko. Orúkọ náà wá láti inú bó ṣe ń wakọ̀, bí ẹni tó kó ẹyin sẹ́yìn. Ní Ọjọ́bọ̀, òun àti ọmọ Màmá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Injiníà, ti fa ọ̀rọ̀ lójú àwọn òṣìṣẹ́. Injiníà ní ìgbín yára jù ú lọ. Jẹ́jẹ́ ní ẹni tó bá ń ti òun láti ẹ̀yìn, kó má bínú bí òun bá ti ẹ̀yìn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ nìkan ló gbé ọkọ̀ jáde láti fín oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko sí ojú ọ̀nà oko. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ọsàn ti kú. Àwọn ọlọ́pàá wá mú un kí òòrùn tó mú. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Màmá tó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn ló jẹ́ kí wọ́n rán Arínúróde wá lọ́jọ́ Ajé.

Ohun tí àwọn ọlọ́pàá kò mọ̀ ni pé ọmọ inú oko yìí ni Arínúróde. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ fín koríko níbẹ̀, nígbà tí kò sí ọkọ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ènìyàn ń gbé táǹkì kọ́, tí ọwọ́ òsì ń fa ọ̀pá pọ́ǹpù sókè sílẹ̀, tí ọwọ́ ọ̀tún ń darí ẹnu ìfín. Òun a máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ike omi tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè é ní Atẹ̀lé. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé tó ti wọ ẹnubodè oko náà kẹ́yìn. Nígbà tó wọlé láàárọ̀, ó yà á lẹ́nu pé àtẹ́rígbà ilé ìkẹ́rù kò ga tó bó ṣe rò, pé kànga ti ní ìdérí, àti pé ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń sá aṣọ iṣẹ́ sí, tó jìnnà gan-an nígbà èwe rẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ.

"Màmá," ó ní, "ibo gan-an ni Jẹ́jẹ́ fín lọ́jọ́bọ̀?"

"Ojú ọ̀nà tí o gbà wọlé yìí ni."

Arínúróde padà sí ojú ọ̀nà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Koríko ibẹ̀ ṣì wà láàyè. Ṣóńṣó ewé wọn nìkan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá jù. Ó fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó sì tutù. Ó dúró pẹ̀lú koríko náà lọ́wọ́, ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ nígbà tó bá ń bínú pé koríko tí wọ́n fín lánàá kò tíì kú sì padà wá sí i létí. Bàbá rẹ̀ a ní oògùn yìí kì í ṣe àdá. Ewé ló ń gbà wọlé, ó di gbòǹgbò, ìdí ló ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó o fún un ní ọjọ́ mẹ́jọ, kó o fún un ní mẹ́wàá.

"Ẹ wo èyí," ó sọ fún Màmá. "Oògùn kan náà, táǹkì kan náà, ìrọ̀lẹ́ kan náà. Báwo ni koríko ojú ọ̀nà ṣe wà láàyè lónìí ọjọ́ Ajé, tí ọmọ ọsàn sì ti kú láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì?"

Màmá wo koríko náà, ó wo ojú rẹ̀. "Ìgbà wo ni wọ́n wá fín in?"

"Bí ọjọ́ mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó di ọjọ́ Ẹtì. A ti ń wá olè lọ́jọ́ tí kò jalè."

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá sí i lọ́kàn ni Injiníà fúnra rẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ pé ó fẹ́ ta apá kan ilẹ̀ náà, àti pé Màmá ti búra pé níwọ̀n ìgbà tí igi ọkọ òun bá ṣì ní ọmọ, ilẹ̀ náà kò ní kúrò lọ́wọ́ òun. Ẹni tí ikú ọmọ ọsàn ṣe láǹfààní nìyẹn. Arínúróde bá a nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tó to ìwé sí ní ìpele-ìpele tí ọ̀kan kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ju èkejì lọ. Ó bi í ní ìbéèrè náà láìfi bò.

Injiníà kò bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún.

"Mo fẹ́ ta ilẹ̀," ó ní. "Mi ò sì sẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi yẹn ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ìwé kíkà. Bí mo bá tilẹ̀ ta gbogbo oko, mo ní ibi tí mo fẹ́ gbin ọ̀kan sí níwájú ilé mi."

Ó fi ìwé tó lù lóǹtẹ̀ hàn án, pé láti ọjọ́ Ajé títí di alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí ọmọ ọsàn kú, ìlú ńlá lòun wà lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́rú lòun dé, òun sì gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ Bàbá Wẹ́dà, alájórin tó to ẹ̀rọ ìfín-oògùn sórí rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ lòun fà á lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn, Jẹ́jẹ́ nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Injiníà kì í gba abẹ́rẹ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà ìwé ìgbàwọlé wà. Arínúróde kà á: ọkọ̀ kan, táǹkì àlòkù kan, pọ́ǹpù tuntun kan, bẹ́líìtì méjì, ọ̀pá ìfín kan, ẹnu ìfín mẹ́fà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìfín náà, Injiníà ti fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́ pé: yẹ́lò márùn-ún, pupa kan.

Ó ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n mú òun lọ síbi tí ọkọ̀ náà wà.

Alábahun ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pe ọkọ̀ náà, nítorí táǹkì tó gùn ún lẹ́yìn. Ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, kò ní fèrèsé, ó ní pẹpẹ ìkẹ́rù lẹ́yìn. Ọ̀pá ìfín nà jáde lápá ọ̀tún bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró, ẹnu mẹ́fà sì so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Arínúróde kà wọ́n láti ara ọkọ̀ lọ síta. Yẹ́lò, yẹ́lò, yẹ́lò, pupa, yẹ́lò, yẹ́lò.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ tí àwọn ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ lé ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wa ọkọ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ ọsàn kọjá, láìtan pọ́ǹpù. Ẹnu kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé wọ́n wọ̀n wọ́n fún ara wọn. Ẹnu pupa, ẹnu kẹrin, ń fò lórí ìlà kẹrin.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í to ara rẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ìlà kẹrin yè nítorí pé oògùn kò jáde lórí rẹ̀. Oògùn kò jáde nítorí pé ẹnu kẹrin dí. Ẹnu tó dí ni wọ́n yọ, tí wọ́n fi pupa rọ́pò. Ṣùgbọ́n pupa náà ti wà níbẹ̀ nígbà tí Jẹ́jẹ́ gba ọkọ̀ náà láàárọ̀ Ọjọ́rú. Nítorí náà, ẹni tó fín ọmọ ọsàn fín in kó tó di Ọjọ́rú. Kò sì sí ẹni tí ọkọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú Ọjọ́rú ju ẹnì kan lọ.

Ó ṣí ìdérí táǹkì. Ara rẹ̀ kún fún eruku, inú rẹ̀ ń dán, ó sì ń ta sánsán ọṣẹ. Ó béèrè ẹni tó fọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ náà ní Bàbá Wẹ́dà ló wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé òun fẹ́ yẹ pọ́ǹpù wò, ó sì lo odindi àárọ̀ lórí rẹ̀. Arínúróde dé ìdérí náà padà. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń fẹ́ kí òun ṣìṣe.

Ó kọ́kọ́ gba àgọ́ ọlọ́pàá. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní bí òun ṣe gba ẹ̀rọ náà nìyẹn, ẹnu pupa wà lára rẹ̀, òun ò pààrọ̀ ohunkóhun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú náà, òun àti ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n jọ ń gbẹ́ kòtò omi ní òdìkejì oko títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí Arínúróde fẹ́ máa lọ, ó pè é padà.

"Ẹ bá mi bi Màmá," ó ní, "ṣé òun náà gbà pé èmi ni?"

"Kò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn rẹ."

Jẹ́jẹ́ yí ojú sí ògiri.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Wẹ́dà kò yí padà. Òórùn irin jíjó àti gírísì kan náà ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, páànù òrùlé kan náà ló ń jẹ́ kí òòrùn wọlé níbi mẹ́rin. Níbí ni bàbá rẹ̀ ti máa ń tún pọ́ǹpù rẹ̀ ṣe, níbí sì ni Bàbá Wẹ́dà ti fi ìdérí agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ kékeré kan fún un nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, tó fi ń fa okùn rẹ̀ káàkiri títí tí táyà kan fi sọnù nínú koríko, tí àwọn àgbàlagbà méjì sì dá iṣẹ́ dúró tí wọ́n ń bá a wá a. Irun ọkùnrin náà ti funfun tán. Ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè iwájú orí, ó wò ó.

"Atẹ̀lé," ó ní.

Ó fún un ní àpótí jókòó. Ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Kò béèrè ohun tó gbé e wá. Arínúróde gbọ́ ìbéèrè tí kò béèrè yẹn ketekete. Àgbàlagbà tí kò rí ọ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, tí kò sì bi ọ́ pé kí ló dé, ó ti mọ̀.

"Bàbá," ó ní, "ẹ sọ fún mi bí ẹ ṣe to ẹ̀rọ yẹn sórí ọkọ̀."

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní òun kọ́kọ́ tẹ́ rọ́bà sórí pẹpẹ kí táǹkì má baà máa yọ̀. Òun gbé táǹkì sún mọ́ ẹ̀yìn awakọ̀, nítorí bí omi bá wà ní ìdí ọkọ̀ jù, imú ọkọ̀ á fò sókè níbi gegele. Òun fi bẹ́líìtì méjì dè é ní àgbélébùú mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun de pọ́ǹpù mọ́ abẹ́ rẹ̀, òun fi asẹ́ sáàárín kí ìdọ̀tí má baà di ọ̀nà. Wáyà méjì lọ sí bátìrì, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, súìṣì sì wà níbi tí ọwọ́ awakọ̀ á tó o láìwo ẹ̀yìn. Ọ̀pá ìfín, òun fúnra òun ló jó ìdè rẹ̀ tó fi ń ká sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá fẹ́ gba ẹnubodè. Ọwọ́ rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń so, ó ń dè, ó ń yí nọ́ọ̀tì nínú afẹ́fẹ́. Fún ìṣẹ́jú yẹn, ó dà bí ẹni pé bàbá Arínúróde wà nídìí ilẹ̀kùn, tó dúró de pọ́ǹpù rẹ̀.

"Lẹ́yìn náà mo fi omi dán an wò," Bàbá Wẹ́dà wí. "Mo gbé ife mẹ́fà sábẹ́ ẹnu mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ife kẹrin gbẹ. Ẹnu rẹ̀ ti dí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mi ò rí òmíràn rà títí di àárọ̀ Ọjọ́rú, pupa ni mo sì rí."

"Ife mẹ́fà kò lè tán omi inú táǹkì, Bàbá. Ìyókù omi náà ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí afẹ́fẹ́. Ó rọra gbé e sórí orúnkún. Níta, ẹnì kan ń yí kẹ̀kẹ́ kọjá.

"Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, Atẹ̀lé," ó ní. "Mo rí wọn bí mo ṣe ń dá ọkọ̀ padà, ewé wọn ti ká. Ẹ̀ẹ̀rùn rèé, mi ò lè da omi tó pọ̀ tó yẹn sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kí n fún wọn mu."

Ó ṣàlàyé ìyókù láìjẹ́ pé Arínúróde bi í. Àlòkù ni táǹkì náà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, nǹkan bíi ife mélòó kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ gaara, òun rò pé omi òjò ni. Ọrùn ọwọ́ ń ro òun, kànga sì jìnnà, nítorí náà òun ṣan táǹkì lẹ́ẹ̀kan, òun rọ omi sí i. Nígbà tí ìròyìn dé lọ́jọ́ Ẹtì, ibẹ̀ ni ọkàn òun kọ́kọ́ lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun lọ gbóòórùn ìdí asẹ́ pọ́ǹpù, òórùn tí òun kò fiyè sí lára omi ọjọ́ náà ló wà níbẹ̀, òun sì mọ̀.

"Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta tí mo ti ń kọ́ gbogbo ayé pé kí wọ́n máa fọ táǹkì àlòkù, láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti wà."

"Jẹ́jẹ́ ńkọ́, Bàbá?"

Ó wo bàtà rẹ̀ nílẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ bàtà láti lọ," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mo ń bọ́ ọ."

Arínúróde wo ọwọ́ àgbàlagbà náà, tí iná ti jó lójú ibi tí kò lóǹkà. Ó rántí wọn nínú koríko, tí wọ́n ń wá táyà tí kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ. Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé pé àṣìṣe ni, pé kò sẹ́ni tó mọ̀, kí wọ́n sì tú Jẹ́jẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú oko á máa wo Jẹ́jẹ́ bákan títí lọ, nítorí ẹ̀sùn tí kò bá rí olówó rẹ̀, ọrùn ẹni tó kọ́kọ́ gbé e ló máa ń wà.

"Ẹ wọ bàtà yín, Bàbá," ó ní. "Èmi á bá yín lọ."

Ẹnu ara rẹ̀ ni Bàbá Wẹ́dà fi sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, níwájú Màmá àti Injiníà. Ọ̀gá àgọ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣìṣe ni, kì í ṣe ọ̀ràn. Màmá gbọ́ ọ tán. Ó ní ti ọmọ ọsàn, òun á sunkún rẹ̀, á sì tán, ìlà kan ṣì wà. "Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ti sùn sórí sìmẹ́ńtì," ó kọjú sí Bàbá Wẹ́dà, "o sì mọ̀." Injiníà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́ lójú gbogbo wọn, ó ń kólòlò bí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Bàbá Wẹ́dà ṣí fìlà, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Jẹ́jẹ́ dì í lápá mú kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

"Mi ò fẹ́ ìyẹn, Bàbá," ó ní. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ falẹ̀ bí ìwakọ̀ rẹ̀. "Láti ọjọ́ Ẹtì dé òní, ọjọ́ mẹ́rin ni. Ẹ ó wá bá mi hú àwọn tó kú fún ọjọ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, á tán láàárín wa."

Àgbàlagbà náà gbà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé e, Arínúróde padà sí oko náà kí Màmá lè fọwọ́ sí ìwé ìparí ọ̀rọ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ ọsàn kọjá. Àwọn tó kú ti wà ní òkìtì, wọ́n ti da iyẹ̀pẹ̀ wọn sọ́tọ̀. Bàbá Wẹ́dà jókòó sórí ike tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń rọ iyẹ̀pẹ̀ tuntun sínú ọ̀rá, Jẹ́jẹ́ sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn kan ni àgbàlagbà náà ń sọ, nípa ọkùnrin kan tó máa ń gbé táǹkì kọ́ ẹ̀yìn, tó sì máa ń kọrin sí koríko kó tó pa á. Arínúróde kò tíì gbọ́ ìtàn yẹn rí nípa bàbá rẹ̀. Ó dúró gbọ́ ọ tán.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ wá kí i, Arínúróde ka ọjọ́ lórí ìka: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì.

"Ọjọ́ mẹ́rin yín ti pé lánàá," ó sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo ti sọ fún wọn láàárọ̀," Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Wọ́n ní etí àwọn ò gbọ́."

Ó wo òòrùn, tó ti fẹ́ dé orí àgbàlagbà náà. Ó sì padà lọ sún ike náà sí ibòji fún un.